Ìfun Ẹja Ló Gbé Mi Dé Kàdúná

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ọ̀nà. Ọ̀nà gùn, mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Ohun tí gbogbo yín fẹ́ mọ̀ ni ohun tí èmi Fọ́lákẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, wá lọ sí òkè Ọya. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé ìfun ẹja ni mo ń wá lọ, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹja ò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Ẹja wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n adágún omi kan wà ní ìta ìlú Kàdúná, èmi ni àwọn ọ̀gá mi ní yunifásítì sì ní kí n lọ wò ó bóyá àwọn ẹja ibẹ̀ ń gbé èérún ike mì. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rá àti ike tí à ń jù sí gọ́tà kì í jẹrà. Oòrùn á sá a, àgbàrá á gbá a lọ sódò, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Ẹja á pàdé ẹ̀, á rò pé oúnjẹ ni, á gbé e mì, á wá jókòó sínú ìfun ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí gbogbo ayé ń dà nù fi di wúrà lójú tèmi.

Àárẹ̀ mi ńkọ́?

Àwọn tó mọ̀lú sọ fún mi pé Sabon Tasha ni kí n wọ̀ sí, pé ibẹ̀ làwọn Kìrìsìtẹ́nì bíi tèmi pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ wọn nígbà kan, Alhaja Àwáwù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kàdúná, tó ń gbé ní Ungwan Shanu. Ìyá mi ní bí mo bá fi lè sùn nílé ẹlòmíràn, kí n má padà wálé mọ́. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn? Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alhaja nìyẹn, nínú ọyẹ́, eruku ti bo ojú mi, ètè mi ti là, mi ò jọ ẹni tó lọ sílé ìwé rí.

Obìnrin gíga kan, tín-ín-rín, tó wọ hìjáábù aláwọ̀ ewé, ló jáde sí mi. "Sannu da zuwa! Káàbọ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Ilé ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́? Àárẹ̀ ńkọ́?"

Mo dá gbogbo ẹ̀ lóhùn títí a fi dé orí àárẹ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìyẹn lóhùn. Alhaja béèrè àárẹ̀ mi bí ẹni ń béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ó wà, mà, ó ń kí yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Ṣé ìwọ àti àárẹ̀ lẹ jọ dé?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìkíni ni nǹkan àkọ́kọ́ tó fi hàn mí pé àlejò ni mí níbẹ̀. Nílé wa, bí mo bá dé ìdí àtẹ tòmátì, "Èló nìyí?" ni "Ẹ káàárọ̀" mi. Mo dán an wò ní Ungwan Shanu. Ìyá àgbà tó ń ta tòmátì kàn ń wò mí. Ó ní, "Ina kwana?" Mo tún na ọwọ́ sí tòmátì. Ó tún ní, "Ina kwana?" Kò bínú o, ẹ̀rín wà lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n tòmátì náà kò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ bí mo ṣe sùn. Nígbà tí mo wá fi Hausa díẹ̀ tí Alhaja kọ́ mi dá a lóhùn, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i, ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó tún fi ọ̀rá mìíràn wé e. Ọ̀rá ni ohun gbogbo. Fúrá, jéró tí wọ́n fi wàrà pò, nínú ọ̀rá. Ẹ̀pà, nínú ọ̀rá. Màásà tí wọ́n fi ìrẹsì lílọ̀ dín, tó gbóná fẹlifẹli, nínú ọ̀rá ni. Mo ń jẹ, mo ń gbádùn, mo sì ń ro ibi tí ọ̀rá náà ń lọ.

Sàráà Ráfátù

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, òórùn ẹja díndín ló jí mi. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá Alhaja lórí àpótí nídìí agbada epo. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dín, tí ò ju ìka ọwọ́ lọ, látorí dé ìrù, títí wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n ń dún ganranganran. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ orin lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iléekéwú ló wọlé wá, eruku ní ẹsẹ̀ wọn, abọ́ ike lọ́wọ́ oníkálukú. Alhaja ń bu ẹja sí abọ́ wọn, àwọn ọmọ ń ṣàdúrà, wọ́n jókòó sí ìdí igi máńgòrò, wọ́n ń rún ẹja lẹ́nu.

Alhaja kò bá wọn jẹ. Wọ́n jókòó ti ògiri, wọ́n pajú dé.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, mo béèrè. Wọ́n ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ráfátù. Ibi ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Dókítà sa gbogbo agbára ẹ̀. Ọmọ náà ò dúró, ìyá náà ò dúró." Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára aṣọ. "Kò sí oúnjẹ tí Ráfátù fẹ́ràn bí ẹja wẹ́wẹ́ yìí. Kò ní jẹ́ kí n yọ orí, kò ní jẹ́ kí n yọ ìrù. Tó bá ń rún un, wàá gbọ́ ọ láti ìta. Nígbà oyún yẹn gan-an, òun ló ń jẹ láàárọ̀, lálẹ́. Láti ìgbà tó ti lọ, Jímọ̀ kan ò tíì kọjá kí n má ṣe é. Bí àwọn ọmọ yẹn bá ti ń rún un báyìí, Ọlọ́hun dárí jì mí, bíi pé mò ń gbọ́ ọ ni."

Mo di ọwọ́ wọn mú, a sì jókòó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Alhaja bá mi ṣe

Wọ́n fún mi ní igun yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ kan nígboro, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná ọba ibẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ti Alhaja, sóbò dídì ni wọ́n ń tà, fírísà wọn kì í yọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo ra ẹja àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹja adágún náà wá sí àdúgbò, àwọn ẹja ńláńlá tó ki pọ́pọ́, inú fírísà Alhaja ni mo kó wọn sí. Mo kìlọ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹja iṣẹ́ mi nìyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é."

Wọn ò sè é. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe.

Mo dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo bá àwo ńlá kan lórí tábìlì. Ẹja mi ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti ha ìpẹ́ ara wọn, wọ́n ti la ikùn wọn, wọ́n ti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Alhaja dúró tì í, inú wọn ń dùn.

"Àlejò kì í fọwọ́ ara ẹ̀ fọ ẹja nílé mi," ni wọ́n wí. "Mo ní kí n bá ẹ dín iṣẹ́ kù."

Mo ní, "Alhaja, ìfun wọn ńkọ́?"

"Ìfun? Mo kó o fún ológbò."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ̀ mí. Inú mi kì í pẹ́ bí, ẹnu mi kì í sì í dúró de ọgbọ́n. Mo ké! Mo ní, "Yéè, mo gbé! Ìfun ni mo wá ṣe ní Kàdúná! Ìfun ni mo torí ẹ̀ fi ilé sílẹ̀! Alhaja, ẹ ti bà mí láyé jẹ́!" Mo káwọ́ lérí, mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Aládùúgbò kan sáré wọlé, ó rò pé òkú kú ni. Alhaja fi Hausa ṣàlàyé fún un pé ìfun ẹja ni àlejò òun ń sunkún lé lórí. Obìnrin náà wò mí tàánútàánú, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Sannu, sannu," bí ẹni ń rẹ ẹni tí orí ẹ̀ ò pé lẹ́kún. Ológbò náà wà lábẹ́ àga, ó ń lá ẹnu.

Àgbàlagbà ni Alhaja, mo pariwo lé wọn lórí nínú ilé wọn. Wọ́n wọ yàrá, mo ní ó parí, ẹrù mi ni wọ́n fẹ́ lọ kó síta. Wọ́n jáde, wọ́n ti wọ bàtà.

"Dìde. Ó yá."

"Níbo là ń lọ, Alhaja?"

"Ibi tí ìfun wà."

Adágún

A gun kèké, a gba àdúgbò Barakallahu kọjá, a já sí ojú ilẹ̀ tó gbẹ, lójijì ni omi náà sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Mi ò purọ́ fún yín, ó rẹwà. Omi náà dákẹ́, lékeléke ń rìn ní bèbè ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ń lọ jẹ́jẹ́. Àfi ìgbà tí ènìyàn bá wolẹ̀ ni yóò rí ohun tí omi ń kó wá sí ẹ̀bá: ọ̀rá omi mímu, àpò ìrẹsì tó ti ya sí òwú, bàtà ike ẹsẹ̀ kan.

Alhaja dúró. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ra ẹja, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e wá bá wọn. Wọn ò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ṣé inú omi yìí ni ẹja mi ti ń wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti bàtà ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Apẹja kan tó ń jẹ́ Audu, ọkùnrin tó máa tó ẹgbẹ́ mi, ló gbà wá lálejò. Mo ti ṣe tán láti sọ ohun tí mo fẹ́, Alhaja fi ìgúnpá ta mí. A kí i. Ó kí wa. A béèrè ọyẹ́, a béèrè omi, a béèrè àwọn ọmọ ẹ̀. Ó ní a ò ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ òun láìmu fúrá, igbá ló sì fi bù ú fún wa. Ìgbà tí a mu ún tán ni Alhaja wá sọ fún un pé ẹja tí wọn ò tíì là ni obìnrin yìí ń fẹ́, pé ìfun ni iṣẹ́ ẹ̀. Audu wò mí, ó wo Alhaja, ó sọ nǹkan kan ní Hausa. Alhaja túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé, "Ó ní kí Ọlọ́hun fún ẹ ní iṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí iyanrìn, mo bẹ Alhaja fún ariwo tí mo pa. Wọ́n ní, "Dìde, o ti ń ba aṣọ jẹ́."

Ẹja ńlá ò sí nínú àwọ̀n Audu lọ́jọ́ náà. Wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Mo ní mo máa mú un bẹ́ẹ̀. Alhaja gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Irú èyí gan-an ni ti Jímọ̀ mi."

Lábẹ́ awò

Oògùn kan wà tí à ń da ìfun sí, tó máa jẹ ìfun tán tí kò ní jẹ ike. Ohun tó bá kù, a ó sẹ́ ẹ sórí bébà funfun, a ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí òwú búlúù, mo rí òwú pupa, mo rí èérún ọ̀rá tó mọ́ gaara. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ohun tí mo wá wá ni mo rí. Mo gbé awò àti bébà náà wálé nítorí Alhaja ti ní, "Ohun tó mú mi gun kèké débi omi, èmi náà gbọ́dọ̀ fojú mi rí i."

Wọ́n fojú lé ẹnu awò. "Kí nìyí? Irun ni?"

"Ike ni, Alhaja. Òwú àpò, òwú àwọ̀n, ọ̀rá."

"Nínú ẹja?"

"Nínú ìfun ẹja wẹ́wẹ́ tí Audu fún wa."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Alhaja gbé ojú kúrò lẹ́nu awò, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí sórí ẹní ìkírun wọn. Ojú wọn ti wú. Wọ́n ní, "Fọ́lákẹ́, ẹja ńlá là ń yọ ìfun ẹ̀. Ta ló ń yọ ìfun ẹja wẹ́wẹ́? Bó ṣe wà ni mò ń dín in. Gbogbo Jímọ̀, ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé májèlé ni mo fi ń ṣe sàráà fún ọmọ mi?"

Mo la ẹnu, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Mi ò tíì parí. Ráfátù náà ńkọ́? Òun tó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, lálẹ́, tòun toyún. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń dín in fún un. Ṣé èmi ni mo fún ọmọ mi ní ohun tó pa á? Sọ òótọ́ fún mi. Má tàn mí."

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ti da ìbéèrè bò mí, mo sì dáhùn gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tó le tó ti orí ẹní yẹn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá purọ́ ìtùnú fún wọn, wọ́n á mọ̀.

Mo ní, "Alhaja, ẹ̀jẹ̀ ló pa Ráfátù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi. Ẹja kọ́. Ìyẹn, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, àwa tí à ń kà á nínú ìwé gan-an ò tíì mọ gbogbo ohun tí èérún ike ń ṣe lára ènìyàn. Mi ò lè sọ pé ó ń pa wọ́n, mi ò sì lè sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò yẹ kó wà níkùn ọmọ. Ìfun ló sì pọ̀ sí jù."

"Ká wá máa yọ ìfun ẹja wẹ́wẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan ni, Alhaja."

Wọ́n wò mí títí, ẹ̀rín kékeré kan yọ nínú omijé. "Ohun tí mo ṣe tí o fi káwọ́ lérí, tí o fi pariwo tí àdúgbò gbọ́, òun náà lo tún ní kí n lọ máa ṣe."

"Òun náà ni, mà."

"Ó dáa. Èyí tí a mọ̀, ká ṣe é. Èyí tí a ò mọ̀, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n."

Jímọ̀ mìíràn

Bí wọ́n ṣe kírun àárọ̀ tán la ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ èmi, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ Alhaja. Ẹ má fi ẹnu sọ iṣẹ́ yìí. Ikùn ẹja wẹ́wẹ́ ò gba orí ọ̀bẹ, ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn ń gún wa níka, ọwọ́ wa ń yọ̀. Ìfun ni mò ń kó sínú ìgò tèmi, nítorí iṣẹ́ ò parí. Ológbò jókòó síwájú wa, ó ń wo ọwọ́ wa lọ, ó ń wo ọwọ́ wa bọ̀, kò rí nǹkan kan jẹ. Alhaja ní, "Pẹ̀lẹ́, ìwọ lo jẹ ti àkọ́kọ́."

Àwọn ọmọ ti dé, epo ò tíì gbóná. Wọ́n kọrin, wọ́n tún orin kọ, wọ́n jókòó. Alhaja kò yára. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan wà lọ́kàn wọn tí wọn ò sọ, nígbà tó sì yá, wọ́n sọ ọ́: "Mò ń bẹ̀rù pé kò ní dún mọ́. Ẹja tí wọ́n ti là, ó lè rọ̀. Bí kò bá dún, kì í ṣe ti Ráfátù mọ́ nìyẹn."

Wọ́n dín in. Wọ́n bù ú sínú abọ́. Àwọn ọmọ gbà á, wọ́n lọ sí ìdí igi máńgòrò. Alhaja jókòó ti ògiri, wọ́n pajú dé, èmi náà tẹ́tí.

Ganranganran.

"Ó ń dún," ni Alhaja wí. "Alhamdulillahi. Fọ́lákẹ́, ó ṣì ń dún." Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, àwọn ọmọ ń wò wá, wọ́n sì ń jẹ ẹja wọn lọ.

Ẹrù méjì

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ẹrù méjì ni Alhaja gbé fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan wà nínú kúlà, ó dì gbagidi. Wọ́n ní, "Èyí ti iṣẹ́. Mi ò là á o. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí ológbò wò ó." Èkejì gbóná lọ́wọ́ wọn. Ewé ni wọ́n fi wé e, ewé eéran tí mo bá wọn rà bọ̀ láti Sabon Tasha lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ọ̀rá kankan lára ẹ̀. "Èyí ti ẹnu ẹ. Jẹ ẹ́ lọ́nà. Kí ìyá ẹ. Kí àárẹ̀."

Mo ti wọ ọkọ̀, ìlú ti tán lẹ́yìn wa, kí n tó tú ewé náà. Ẹja wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀, wọ́n dín in gbẹ. Mo yí ọ̀kan padà, mo rí ojú ibi tí ọ̀bẹ là, tín-ín-rín, lábẹ́ ikùn ẹ̀. Mo yí òmíràn. Mo yí gbogbo wọn. Kò sí èyí tí wọn ò là. Mo ro obìnrin yẹn lórí àpótí nìkan, láìsí èmi níbẹ̀, ẹ̀gún ń gún wọn níka nítorí ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní, "Alhaja, gbogbo èyí, lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Wọ́n ní, "Ráfátù ò rí ẹni bá a yọ ìfun ẹja. Ìwọ rí. Jẹun, ọmọ mi, jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, mo sì rún ẹja kan látorí dé ìrù.